Rọpárọsẹ̀ ń rọ èémí náà: ẹ fi sikáànù wò ó!

1/
Orúkọ tí a ń pe àìsàn yìí ti ń ṣì wá lọ́nà tipẹ́. Rọpárọsẹ̀. Ó rọ apá, ó rọ ẹsẹ̀, ó parí. Torí náà, bí dókítà bá dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, apá ló máa ní kí aláìsàn gbé sókè. Bí ẹbí bá dé, "ṣé wọ́n ti ń rìn?" ni wọ́n máa bi nọ́ọ̀sì. Ta ló ń béèrè bóyá iṣan tí wọ́n fi ń mí náà ti rọ?

2/
Ẹ fara balẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì yìí gùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń jà fún ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ sikáànù tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún lè wo iṣan èémí ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ wà lọ́sibítù. Aláìsàn wà lọ́sibítù. Ẹ jẹ́ káwọn méjèèjì pàdé.

3/
Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé "ṣé dókítà ni ẹ́?": rárá o. Físíọ́lọ́jì ni mo kà jáde, fídíò ìlera ni mo fi ń jẹun. Mi ò ní kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni níbí. Ṣùgbọ́n mo mọ bí èèyàn ṣe ń mí, mo sì ń kàwé. Ẹni tó bá rí irọ́ nínú ohun tí mo kọ, kó kọ òótọ́ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, a jọ máa kà á.

4/
Iṣan tí mò ń sọ yìí, dáyáfíràmù lorúkọ ẹ̀. Ẹran pẹlẹbẹ kan ni, ó ṣe bí agbòjò tí wọ́n ṣí sábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Bó o bá mí sínú, á sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bó o bá mí síta, á padà sókè. Gbé ọwọ́ lé ikùn ẹ báyìí, kó o mí kanlẹ̀. Ṣó o rí bí ikùn ṣe ń ti ọwọ́ ẹ? Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mímí.

5/
Ọ̀nà méjì ni àṣẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìkíní wá láti ìdí ọpọlọ, nísàlẹ̀. Èyí ò nílò kó o ronú: bó o sùn, bó o jí, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ìkejì wá láti òkè ọpọlọ, nígbà tó o bá fẹ́ mí kanlẹ̀, tó o fẹ́ fọn fèrè, tó o fẹ́ kọrin, tó o fẹ́ fipá wúkọ́. Méjèèjì máa ń gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé dáyáfíràmù.

6/
Nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá kọ lu òkè ọpọlọ, ọ̀nà kejì ló sábà máa ń bàjẹ́. Ọ̀nà ìkíní á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ nìyẹn! Ẹ máa rí aláìsàn tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, àyà ń lọ sókè sódò, gbogbo èèyàn á ní "wọ́n ń mí dáadáa." Bẹ́ẹ̀ ni, èémí kékeré wà. Ẹ wá ní kí wọ́n mí kanlẹ̀, ká wò ó.

7/
Àwọn olùwádìí ti wò ó. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi sikáànù ṣe, wọ́n rí ọ̀pọ̀ aláìsàn tí dáyáfíràmù wọn ò rìn tó bó ṣe yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó rọ, pàápàá tí wọ́n bá mí kanlẹ̀. Wọ́n sì ti wọn agbára tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ sínú: ó kéré gan-an sí ti ẹni tára ẹ̀ le. Ẹ̀gbẹ́ kan náà tí apá ti rọ ni iṣan èémí ti ń jìyà. Apá ló kàn ń hàn síta.

8/
Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì? Ikọ́. Kéèyàn tó lè wúkọ́ tó lágbára, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, kó pa ọ̀nà ọ̀fun dé, kó wá fi iṣan ikùn tì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò lè mí kanlẹ̀ ò rí afẹ́fẹ́ tó máa tì jáde. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró bí àlejò tí ò fẹ́ lọ.

9/
Ẹ wá fi èyí kún un: rọpárọsẹ̀ sábà máa ń ba gbígbé nǹkan mì jẹ́. Itọ́, omi, ògì, gbogbo ẹ̀ lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ara tó le á wúkọ́, á lé e jáde. Ẹni tó ń gbé nǹkan mì gba ọ̀nà òdì, tí ò sì lágbára ikọ́, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí i? Òtútù àyà.

10/
Òtútù àyà wà lára ohun tó ń pa àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ jù lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn. Ẹ bi nọ́ọ̀sì èyíkéyìí tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn rí. Apá tó rọ kì í pani. Èémí tó rọ ń pani. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwa ń pa làpálàpá, a tún ń ya fídíò ẹ̀.

11/
Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin wà nínú àwọn tí mò ń sọ. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì gbá ife mú, gbogbo ilé ń yọ̀. Ohùn wọn wá ń lọ sílẹ̀. Wọn ò lè sọ gbólóhùn kan parí kí wọ́n má dúró mí. A sọ fún wọn ní wọ́ọ̀dù. Èsì tí wọ́n fún wa: "Ó rẹ̀ wọ́n ni."

12/
Ibà dé, òtútù àyà dé, wọ́n lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín pé sikáànù ì bá gbà wọ́n là. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n wọn ṣúgà, wọ́n gbé apá, wọ́n gbé ẹsẹ̀. Wọn ò sọ pé "ẹ wúkọ́ ká gbọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ sikáànù sì ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ láàárọ̀ ní ilé kejì sí wọ́ọ̀dù yẹn.

13/
Ó dáa. Báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Ohùn ni. Ohùn tó ga kọjá ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, ìyẹn ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì gbé lé ara yẹn, púróòbù, òun ló ń rán ohùn náà wọlé. Ohùn á kọ lu nǹkan, á padà wá, bí ìgbà téèyàn kígbe sínú kànga. Kọ̀ǹpútà á fi ohùn tó padà yẹn ya àwòrán. Kò sí ìtànṣán X-ray níbẹ̀ rárá. Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó fún aboyún nìyẹn.

14/
Àyẹ̀wò àkọ́kọ́: bí iṣan ṣe nípọn tó. Aláìsàn á fẹ̀yìn tì díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á gbé púróòbù sí ẹ̀gbẹ́ àyà ẹ̀ nísàlẹ̀, láàárín egungun ìhà kẹjọ sí ìkẹwàá. Lójú ẹ̀rọ, ẹ máa rí ìlà funfun méjì tó ń dán, ohun kan tó dúdú díẹ̀ sì wà láàárín wọn, bí ẹran tí wọ́n fi búrẹ́dì méjì há. Ẹran àárín yẹn ni dáyáfíràmù.

15/
Wọ́n á wọ̀n ọ́n nígbà tí aláìsàn bá mí síta tán, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá mí sínú kanlẹ̀. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń ki sí i, bí iṣan apá ṣe ń wú tó o bá ká apá kò. Ká ní mílímítà 2 ló wà tẹ́lẹ̀, tó wá di 3: ó fi 50% ki sí i, iṣan ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bó bá kúrò ní 2 tó dúró sí 2.2, 10% péré ni. Bí kò bá ti tó 20%, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń kà á sí àmì pé iṣan yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ bó ṣe yẹ.

16/
Àyẹ̀wò kejì: bó ṣe ń rìn tó. Púróòbù ẹlẹ́nu roboto tí wọ́n fi ń wo aboyún gan-an ni wọ́n máa lò. Wọ́n á gbé e sábẹ́ ìhà ọ̀tún, wọ́n á gba inú ẹ̀dọ̀ wo dáyáfíràmù bí ẹni gba ojú fèrèsé wo ìta. Ẹ̀rọ á máa ya ìlà bí ìgbì omi: sókè, sódò, sókè, sódò. Bí ìgbì yẹn bá kúrú, ẹ ti rí ìṣòro yín.

17/
Ṣé ìwọ̀n wà tí wọ́n fi ń mọ èyí tó kúrú? Ó wà. Ní 2009, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Faransé gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí èèyàn 210 tára wọn le. Bí ọkùnrin bá mí kanlẹ̀, ó kéré tán, ó yẹ kí dáyáfíràmù rìn tó sẹ̀ǹtímítà 4.7. Obìnrin, 3.7. Ẹ mú rúlà, kẹ́ ẹ wò bí 4.7 ṣe gùn tó. Nǹkan tí èèyàn lè fojú rí ni, kì í ṣe àròbájọ.

18/
Kókó kan tún wà tó ń dùn mọ́ mi: rọpárọsẹ̀ sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn ni pé ẹ lè wo ọ̀tún, kẹ́ ẹ wo òsì, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra. Aláìsàn fúnra ẹ̀ ni òṣùwọ̀n ara ẹ̀. Òótọ́ ni pé òsì le wò, torí afẹ́fẹ́ inú ikùn máa ń bo ojú ẹ̀rọ, ọlọ inú tí wọ́n máa gbà wò ó sì kéré sí ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n "ó le" ò túmọ̀ sí "kò ṣeé ṣe."

19/
Ẹnì kan á ní: "Ṣebí ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí, kí wọ́n lo ìyẹn." Ó dáa. Ẹ wá fún ẹni tí ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ètè ò lè pa mọ́ra, afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá fún ẹni tí àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, tí kò yé e bẹ́ ẹ bá ní "fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, má dúró." Èsì tó máa jáde ò ní sọ nǹkan kan fún yín nípa iṣan. Ètè lẹ wọ̀n.

20/
X-ray ńkọ́? Àwòrán tó dúró sójú kan ni. Iṣan tó ń rìn lẹ fẹ́ wò, ẹ wá ya fọ́tò ẹ̀. Irú X-ray tó ń fi nǹkan hàn bó ṣe ń rìn wà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbé aláìsàn lọ síbi tó wà, ìtànṣán á sì wọ ara ẹ̀. Sikáànù ń wá bá aláìsàn níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ṣì máa rí bí iṣan ṣe ń lọ ní èémí kékeré, lọ́tùn-ún àti lósì, láìjẹ́ pé ẹ bi í ní ìbéèrè kankan.

21/
Ẹ jẹ́ ká wá dé orí àwáwí. Mo ti gbọ́ wọn tán.

Àwáwí kìíní: "Sikáànù aláboyún ni."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ lọ ka ìtàn ẹ̀rọ yìí. Ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Ian Donald. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ń fi ohùn wá ibi tó sán lára irin ló gbé, tó ní kí wọ́n fi wo ikùn èèyàn. Òun pẹ̀lú John MacVicar àti ẹnjiníà Tom Brown gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú The Lancet ní 1958.

22/
Ẹ ronú sí i. Ká ní ẹnì kan ti dá Donald lóhùn pé "ẹ̀rọ onírin ni, má gbé e sún mọ́ èèyàn", ṣé sikáànù aboyún kankan máa wà lónìí? Ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ lára irin ló dé ikùn aboyún. Àtikùn dé ìhà, ibo ló jìnnà níbẹ̀?

23/
Àwáwí kejì: "Kò sówó."

Owó kí ni? Ẹ rìn ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, kẹ́ ẹ máa ka pátákó tí wọ́n kọ SCAN sí lẹ́bàá títì. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni ra ẹ̀rọ tuntun. Mò ń sọ èyí tó ti wà, tó ń sinmi bí àwọn aboyún bá ti lọ tán. Jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ àti àkókò ló kù. Ẹ fi owó yẹn wé owó ICU, kẹ́ ẹ sọ fún mi èwo ló wọ́n.

24/
Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ àpò pàápàá ti dé. Butterfly iQ tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i láti 2017. Ó ṣì wọ́n fún wa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kẹ́ ẹ rí ibi tí ayé ń lọ: ẹ̀rọ ń kéré sí i, ó ń sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì sí i. Àwa la ṣì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ tiwa nínú yàrá.

25/
Àwáwí kẹta, èyí tó ń bí mi nínú jù: "Iṣẹ́ ta ni?"

Ẹni tó ń ṣe sikáànù ní wọn ò kọ̀wé fún òun láti wo ìyẹn. Físíò ní wọn ò jẹ́ kóun fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Dókítà ní òun ò kọ́ ọ. Aláìsàn ń mí ní àbọ̀, àwọn tó kàwé ń pín ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kọ́ ọ dójú àmì ni kó ṣe é. Físíò ni yóò kọ́ iṣan yẹn ní eré ìdárayá. Kí ló dé tí kò ní lè fi ojú ara ẹ̀ rí i? Ojú lọ̀rọ̀ wà.

26/
Àwáwí kẹrin: "Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló wà. Ẹni méjì lè wọ̀n ọ́n, kí wọ́n rí nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

Èyí lọ́gbọ́n nínú, mi ò ní fojú di í. Mílímítà la ń sọ, bí púróòbù bá yẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà á yẹ̀. Ẹni tó bá sanra, ara ẹ̀ le wò. Ṣùgbọ́n ṣé sikáànù aboyún ò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é ni? Ẹ kọ́ àwọn èèyàn, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n máa fi sámì ibi tí wọ́n gbé púróòbù sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó gba ọwọ́ nìyẹn.

27/
Àwáwí karùn-ún: "Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó rọ, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

Púpọ̀! Iṣan ni. Iṣan ṣeé kọ́. Ẹ̀rọ kékeré wà téèyàn máa fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ gbà, tó le láti fà, bí ìgbà tó o ń fi sírọ́ọ̀ fa yúgọ́ọ̀tì tó dì. Wọ́n á máa fi kún bó ṣe le díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé irin ní jíìmù nìyẹn, dáyáfíràmù ló kàn ń gbé e.

28/
Ní 2016, àwọn olùwádìí láti Brazil àti Australia kó ìdánwò márùn-ún jọ, èèyàn 263 ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n rí i pé kíkọ́ iṣan èémí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ń fún iṣan yẹn lágbára, ó sì ń dín wàhálà ẹ̀dọ̀fóró kù lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú o. Ẹ̀yin kan ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

29/
Kí n má baà fi apá kan òótọ́ pa mọ́: ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní London, tó jáde ní 2015, ò rí ìyàtọ̀. Agbára ikọ́ gbogbo wọn ló ń padà bọ̀, àwọn tó ṣe é àti àwọn tí ò ṣe é. Àwọn kan á fi èyí lù mí. Èmi rò pé ó gbè mí: bí ara ẹlòmíì bá ń padà fúnra ẹ̀, tí ti ẹlòmíì ò padà, báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù láìwò ó?

30/
Eré ìdárayá nìkan sì kọ́. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé dáyáfíràmù ẹnì kan ò lágbára, ẹ ò ní jẹ́ kó sùn gbalaja láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ máa gbé orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sókè. Ẹ máa ṣọ́ra jù pẹ̀lú oúnjẹ. Físíò á máa ràn án lọ́wọ́ láti wúkọ́. Nọ́ọ̀sì á máa ka iye ìgbà tó ń mí, á sì tètè kígbe bó bá yí padà. Kò sí èyí tó nílò kí wọ́n fò lọ sí India nínú gbogbo ẹ̀.

31/
Àwáwí kẹfà: "Wọ́n ti fi ọ́síjìn sí i nímú."

Ọ́síjìn dáa, ó ń gbẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kì í fún iṣan lágbára. Bí jẹnẹrétọ̀ ò bá tàn torí pé okùn tí wọ́n fi ń fà á ti já, ṣé epo lẹ máa dà kún un? Ọ́síjìn lè mú kí nọ́ńbà orí ẹ̀rọ dùn ún wò, kí iṣan sì máa rẹ̀ lọ lábẹ́ ẹ̀.

32/
Àwáwí keje: "Kò sí nínú ìlànà."

Òótọ́ ni. Sikáànù dáyáfíràmù ò tíì di ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo aláìsàn rọpárọsẹ̀, nílùú òyìnbó pàápàá. Wọ́n ṣì ń ṣèwádìí lọ́wọ́. Ṣé ìgbà tí wọ́n bá parí ẹ̀ lọ́hùn-ún ni kí àwa tó jí? Wọ́ọ̀dù kún, ẹ̀rọ wà, yunifásítì tó ń kọ́ físíò wà. Ẹ jẹ́ kí ìwádìí kan tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa jáde.

33/
Ẹ má sì sọ pé a ò lè ṣèwádìí. Ìwádìí SIREN tí ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn léwájú ẹ̀ wo ju 2,000 aláìsàn rọpárọsẹ̀ lọ ní Nàìjíríà àti Ghana, ó jáde nínú The Lancet Global Health ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà lókè pátápátá nínú ohun tó ń fà á. Àwọn èèyàn wa ló ṣe é. Ẹni tó lè mọ ohun tó ń fa àìsàn lè mọ ohun tó ń pa aláìsàn.

34/
Sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "ayé ló ń ṣe é": ẹ gbàdúrà, mi ò di yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé aláìsàn kúrò lọ́sibítù lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣíbí rọ ògì tàbí àgbo sí ẹni tí wọn ò tíì yẹ̀ wò bóyá ó lè gbé nǹkan mì lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró lẹ ń rọ ọ́ sí.

35/
Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ọsibítù ńlá rèé: kí ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú tí kò lè wúkọ́ dáadáa, tàbí tí ohùn ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, má kúrò ní wọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ẹnì kan ti wo dáyáfíràmù ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ físíò: ẹ fi kún ohun tẹ́ ẹ ń kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di púróòbù mú kí wọ́n tó jáde.

36/
Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn nílé: ẹ béèrè.

– Ṣé ẹ ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì?
– Ṣé wọ́n lè wúkọ́ tó lágbára?
– Ṣé wọ́n lè mí kanlẹ̀, àbí èémí kékeré nìkan ni?
– Ṣé ẹnì kan wà níbí tó lè fi sikáànù wo iṣan èémí wọn?

Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

37/
Ẹ má tìtorí tírẹ́ẹ̀dì mi gbé aláìsàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù sikáànù ẹ̀bá títì kí wọ́n lọ wọn nǹkan tí wọn ò kọ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ò tó ṣe ìdájọ́. Ẹni tó mọ ara aláìsàn náà ló gbọ́dọ̀ kà á. Bí èémí bá sì ń yára jù, bí ètè bá ń dúdú, bí ara bá gbóná lójijì, ẹ má dúró de sikáànù kankan. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

38/
Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa gbé fídíò jáde lórí àwọn ìbéèrè mẹ́rin yẹn, ní Yorùbá, kí ìyá àgbà náà lè gbọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ físíò tàbí ẹni tó ń ṣe sikáànù, tẹ́ ẹ sì ti ń wo dáyáfíràmù níbi iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Bẹ́ ò bá tíì ṣe é rí, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún wa.

Ẹ pín in, pàápàá sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí yín.